Ẹ Yé Pè É Ní Ọ̀rọ̀ Òṣèlú Lásán

Ọjọ́ méje péré ló wà láàrin ọ̀rọ̀ àti ìwé. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump dúró níwájú àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní Mount Pocono, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ọ̀rọ̀ ọjà tó wọ́n ni wọ́n ní ó fẹ́ bá wọn sọ. Ó sọ ọ́ díẹ̀, kó tó padà sórí ọ̀rọ̀ tó ti ní òun kò sọ lọ́dún 2018: kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè ṣáláńgá nìkan là ń gbà wọlé, kí ló dé tí a kò rí àwọn ará Norway àti Sweden gbà? Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù yẹn kan náà, ó fọwọ́ sí ìwé tó ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ orílẹ̀-èdè Benin. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026. Orúkọ Togo ti wà nínú irú rẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2025.

A sọ ọ́ lọ́dún 2018 tí ọ̀rọ̀ ṣáláńgá yẹn kọ́kọ́ jáde. A tún un sọ ní 2020 tí wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ Nàìjíríà sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí a sọ nígbà náà ni pé ọ̀rọ̀ tí olóṣèlú bá fi gba ìbò ni yóò padà fi ṣe ìjọba. Wọ́n ní kí a fara balẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ìpolongo ni, pé bí òyìnbó ṣe máa ń ṣe nìyẹn kí ìbò tó dé, tí ìbò bá ti lọ tán, wọ́n á gbàgbé. Àwọn tó fún wa lésì yẹn, a fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí báyìí.

Ẹni tí ìwé yìí kàn kò jìnnà sí wa. Ìyá àgbà tó ti di ẹrù tán ni: èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, òrí, ọṣẹ dúdú, kànhìnkànhìn tuntun méjì tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston fẹ́ bímọ, ìyá sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ó ti san 185 dọ́là owó físà, owó tí wọn kì í dá padà. Bí kò bá ti ní físà lọ́wọ́ kí ọdún 2026 tó wọlé, ó di pé kó dúró sílé kó máa wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ìwé ti oṣù Kẹfà fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ, aya, òbí àti ọmọ ẹni tó ti di ará Amẹ́ríkà. Èyí tuntun yìí ti dí àyè yẹn. Ìyẹn ni pé nọ́ọ̀sì yìí lè ti búra, kó ti gba ìwé ọmọ-onílùú, kó máa san owó orí, kó máa dìbò, síbẹ̀ kò ní lè mú ìyá rẹ̀ wọlé.

Kí ni wọ́n ní a ṣe? Ìwé náà sọ pé Boko Haram àti ISIS ń rìn fàlàlà ní apá kan ilẹ̀ wa. Boko Haram tó ń pa wá ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wa! Wọ́n tún ní nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba físà ìbẹ̀wò àti ti òwò, ìdá 5.56 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò jáde lásìkò, ó sì jẹ́ ìdá 11.90 nínú físà akẹ́kọ̀ọ́ àti irú rẹ̀. A kò ní gbè sẹ́yìn ẹni tó kọ̀ tí kò padà, ó ba tiwa jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fúnra yín ṣírò rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àlejò, ó ju mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún lọ tó ṣe ohun tí òfin wí. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń jìyà ìwọ̀nba tó kù.

Ó wá yẹ ká béèrè bí irú èyí ṣe ń rí ìbò gbà, nítorí ìbò ló bí i.

Kí a má parọ́ mọ́ olùdìbò Amẹ́ríkà. Nǹkan bí èèyàn mílíọ̀nù 77 ló dìbò fún Trump lọ́dún 2024, ìdá 49.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ní ìkórìíra aláwọ̀ dúdú ló kó gbogbo wọn jáde kò mọ ohun tó ń sọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, iye tí nǹkan fi wọ́n sí i láàrin ọdún kan ní Amẹ́ríkà dé ìdá 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tí wọn kò rí láti nǹkan bí ogójì ọdún. Owó ilé lọ sókè, ẹyin gbówó lórí, epo ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń yọ ọjà padà kúrò nínú agbọ̀n rẹ̀ níwájú ẹni tó ń gbowó, nítorí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ìkórìíra kó tó bínú sí ìjọba tó wà lórí àlééfà. Ó ju 200 káúńtì lọ tó dìbò fún Barack Obama ní 2008, tí wọ́n tún dìbò fún un ní 2012, kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ Trump ní 2016. Ta ló máa wá sọ pé àwọn wọ̀nyẹn kò lè dìbò fún aláwọ̀ dúdú? Ní Starr County, létí ààlà Texas àti Mexico, àwọn tí orírun wọn jẹ́ Mexico ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ibẹ̀ tán. Lọ́dún 2024, wọ́n dìbò fún ẹgbẹ́ Republican nínú ìbò ààrẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ẹni tí wọ́n sì dìbò fún ni ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo rẹ̀ lọ́dún 2015 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé afipábánilòpọ̀ wà lára àwọn tí Mexico ń rán wá.

Kí wá ni iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń ṣe nínú rẹ̀? Ojú tí a fi wò ó nìyí: ọ̀wọ́n ọjà kò lójú, kò nímú. Èèyàn kò lè bá a wọ̀jà, kò sì lè lé e jáde nílùú. Olóṣèlú tó ń wá ìbò kíákíá á bá a wá ojú àti imú. Níbi àríyànjiyàn àwọn tó ń du ipò igbákejì ààrẹ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2024, JD Vance, ẹni tí Trump mú ṣe igbákejì rẹ̀, ń sọ̀rọ̀ lórí owó ilé tó ga, kò sì pẹ́ tó fi débi àwọn àjèjì tó ń bá ọmọ onílé du ilé gbé. Ọ̀rọ̀ owó ilé jẹ́ òótọ́, ìṣòro gidi ni. Ẹni tí wọ́n wá di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí ni wàhálà ibẹ̀. Olùdìbò tó ń wá ẹni tó máa tún owó ilé ṣe ti gbé ẹ̀sùn mọ́ ọn lọ sílé, bí ẹni tó ra kóńgò ìrẹsì tí òkúta wà nínú rẹ̀. Kò bèèrè òkúta lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà. Ṣùgbọ́n bí ìbò bá ti parí, ẹni tó tajà á dìde, á ní gbogbo ohun tó wà nínú kóńgò pátá lẹ rà, ẹ̀yin lẹ rán mi níṣẹ́.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1968, George Wallace tó ti figbe ta pé dúdú àti funfun kò gbọdọ̀ jọ wà pọ̀ mú ìpínlẹ̀ 5 ní ìhà gúúsù nínú ìbò ààrẹ. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá rí i pé ìbò wà níbẹ̀, wọ́n sì wá bí wọ́n á ṣe mú un láìsọ ohun tí Wallace ń sọ. Lee Atwater, ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí ìpolongo fún Republican, tú àṣírí iṣẹ́ náà lọ́dún 1981. Ó ní nígbà kan èèyàn lè pe aláwọ̀ dúdú ní orúkọ èébú ní gbangba, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di 1968, ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣe ìpalára fún ẹni tó sọ ọ́. Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀sì tó ń kó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti àdúgbò kan sí èkejì kí dúdú àti funfun lè jọ kàwé, lórí ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ láti máa ṣe òfin tirẹ̀, lórí dídín owó orí kù. Ẹ̀kọ kan náà ni, ewé ni wọ́n pààrọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ronald Reagan sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ níbi ọdún àgbẹ̀ Neshoba County ní Mississippi, níbi tí kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti pa àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú lọ́dún 1964. Lọ́dún 1988, àwọn tó ń ti George Bush àgbà lẹ́yìn gbé àwòrán Willie Horton, ẹlẹ́wọ̀n aláwọ̀ dúdú kan, sórí tẹlifíṣọ̀n láti fi sọ pé ọwọ́ Michael Dukakis, tó ń bá Bush du ipò ààrẹ, dẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn. Atwater tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dukakis kó tó kú lọ́dún 1991. Àforíjì kò dá ìbò padà.

Trump ló já ewé náà sọnù, tó rí i pé ọjà ṣì ń tà. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí burú ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tó ń fi ewé bò ó ṣì mọ̀ pé ohun ìtìjú ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Springfield, ìpínlẹ̀ Ohio, kò yẹ ní ohun tí a máa fi ojú fo. Ìlú tí ilé-iṣẹ́ ti ń kó kúrò nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ tó kù ń wá òṣìṣẹ́, àwọn ará Haiti dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n sì wà níbẹ̀ lábẹ́ òfin. Èrò pọ̀ ní ilé ìwòsàn, àyè ń fún ní ilé-ẹ̀kọ́, owó ilé ń ga. Ìṣòro tí ìjọba lè fi owó àti ètò yanjú nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2024, Trump wá sọ níwájú gbogbo ayé pé wọ́n ń pa ajá jẹ níbẹ̀, wọ́n ń pa ológbò jẹ. Àwọn aláṣẹ ìlú náà ti sọ pé irọ́ ni. Gómìnà Mike DeWine, Republican bíi tirẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sí Springfield gan-an, sọ pé kò sí ẹ̀rí kankan. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìhàlẹ̀ bọ́ǹbù tó ju ọgbọ̀n lọ ti wọ ìlú náà. Láràárọ̀, kí àwọn ọmọdé tó wọ kíláàsì, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò láti yàrá dé yàrá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń gbé báàgì kọ́rùn dúró níta, ó ń dúró kí ọlọ́pàá sọ pé kò sí bọ́ǹbù. Nígbà tí oníròyìn tẹlifíṣọ̀n sì bi Vance, ó ní bí òun bá ní láti dá ìtàn sílẹ̀ kí àwọn oníròyìn tó bojú wo ìyà tó ń jẹ ará Amẹ́ríkà, òun máa dá a.

Òótọ́ ni pé DeWine sọ òótọ́, a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kan náà tó fi gbèjà àwọn ará Haiti ló ti sọ pé Trump àti Vance lòun ń ṣe. Kí ni ká pe ìyẹn? Ó rí iná, ó pariwo iná, ó sì fi ìṣáná lé ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti sú wa. Àwọn àgbà Republican tó ń sọ fún oníròyìn pé ọ̀rọ̀ yẹn kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, tí wọ́n tún ń padà lọ fọwọ́ sí i, àwọn gan-an ni ọwọ̀n ilé náà. Trump tún borí ní Clark County, níbi tí Springfield wà. Nígbà tó dé orí oyè, ìjọba rẹ̀ kéde pé ààbò tí òfin fún àwọn ará Haiti máa dópin. Ajá àti ológbò ti di ìwé ìjọba.

Ibi tí inú ti bí wa jù lọ ni ilé-ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n gbé òfin ìwọ̀lú ti sáà àkọ́kọ́ Trump lọ síwájú ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn olùpẹ̀jọ́ mú dání ni ọ̀rọ̀ ẹnu Trump fúnra rẹ̀, títí kan èyí tó sọ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2015 pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pátápátá mọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2018, nínú ẹjọ́ Trump v. Hawaii, adájọ́ márùn-ún dá a láre, mẹ́rin kọ̀. Olórí adájọ́ John Roberts wo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, ó ní wọn kò tó láti wó ìwé tí ààrẹ fi ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè gbé kalẹ̀. Adájọ́ Sonia Sotomayor to ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà á sókè ní kóòtù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun kò gbọ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé wa dé. Ọ̀rọ̀ tó wúwo tó láti gbé èèyàn dé ipò ààrẹ, nígbà tó dé iwájú adájọ́, ó di fẹ́ẹ́rẹ́. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo olóṣèlú Amẹ́ríkà mọ̀ pé kò sí ohun tí àwọn kò lè sọ ní pápá ìpolongo, bí akọ̀wé wọn bá ti mọ bí a ṣe ń kọ ìwé tó mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn Democrat náà kò lè fọwọ́ nu ẹnu níbí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Joe Biden dé orí oyè ní 2021 ló fagi lé gbogbo ìwé wọ̀nyẹn, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ààrẹ kan fi bírò fà rẹ́, ààrẹ mìíràn á fi bírò kọ ọ́ padà. Òfin ló yẹ kí wọ́n ṣe. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 2021, ilé aṣojú-ṣòfin fi ìbò 218 sí 208 fọwọ́ sí àbá NO BAN Act, tí ìbá dín agbára ààrẹ kù lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó dé ilé aṣòfin àgbà, wọ́n fi sùn, kò jí mọ́. Ọdún méjì ni ilé méjèèjì fi wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á wá máa bú Trump lónìí bí ẹni tí kò sí nílé nígbà tí olè ń já ilẹ̀kùn.

Abuja ńkọ́? Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu pe gbogbo àwọn aṣojú wa nílẹ̀ òkèèrè wálé. Ó di ìparí 2025 kó tó fi orúkọ àwọn tuntun ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin àgbà. Ó ju ọdún méjì lọ tí Nàìjíríà fi wà láìní aṣojú gidi ní Washington, láàrin ìbò tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àjèjì jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu ni aṣojú ń ṣiṣẹ́: á lọ bá aṣòfin Texas tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ń dìbò lágbègbè rẹ̀, á lọ bá àwọn yunifásítì tí ń gba owó ilé-ìwé wa, á gbé ìṣirò tiwa síwájú wọn kí tiwọn tó di ìwé. Ta ló ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa? A ti béèrè rí, wọn kò dáhùn. A tún ń béèrè.

Ó kù sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa tó ti di ará Amẹ́ríkà, ní Houston, ní Maryland, ní Chicago, ní New Jersey. Lára wọn ni àwọn tó dìbò fún Trump nítorí oyún ṣíṣẹ́, nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí owó orí. Ẹ̀tọ́ wọn ni, a kò ní bú wọn. Àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń bú ará Mexico àti ará Haiti, wọ́n ní àwọn gba ọ̀nà tó tọ́ wọlé. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Ìyá wọn ni kò rí físà gbà yìí.

Olùdìbò a máa yí padà, kì í ṣe àlá. Passaic County ní New Jersey, níbi tí àwọn Látìnì àti Lárúbáwá pọ̀ sí, ṣe ti Trump ní 2024. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 2025, Mikie Sherrill ti ẹgbẹ́ Democrat ló mú un nínú ìbò gómìnà. Wọ́n jẹ ìrẹsì náà, òkúta kọ lu eyín wọn, wọ́n dá kóńgò padà.

Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá 2026 ni ìbò àárín sáà. Gbogbo ìjókòó 435 ní ilé aṣojú-ṣòfin ló máa ṣí sílẹ̀, àti 35 ní ilé aṣòfin àgbà, títí kan èyí tí Vance fi sílẹ̀ ní Ohio. A fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ti búra di ará Amẹ́ríkà bi ẹni tó ń wá ìbò rẹ̀ léèrè, Republican tàbí Democrat, lójúkojú, ní gbọ̀ngàn ìlú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí: bí irú àbá ọdún 2021 bá tún dé iwájú rẹ, ṣé wàá fọwọ́ sí i? Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán ni wọ́n ń sọ, kí wọ́n fi fọ́tò ìyá wọn hàn án.

Ẹni tó ní green card nìkan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìwé ìbò o, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ ni kó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíákíá. Ní Texas, ó gbọ́dọ̀ ku ọgbọ̀n ọjọ́ sí ìdìbò kí orúkọ rẹ̀ tó wọlé, wọn kì í sì í gba ẹni tó bá pẹ́.